Ta ló gbé ọkàn mi lọ sápá ọ̀tún?

Ìbéèrè tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹni ọdún 34 ni mí. Wọ́n ní kí n lọ ya ẹ́ksíréè àyà torí iṣẹ́ tuntun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yà á wo fíìmù náà títí, ó ní ó dà bíi pé òun ti kọ ọ̀tún síbi tó yẹ kóun kọ òsì, ó ní kí n padà wá dúró, ó tún un yà. Bákan náà ló ṣe rí. Ọkàn mi wà lápá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ mi wà lápá òsì, bíi tẹni tó ń wo díńgí. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí o, àfi kátá tó ti ń bá mi fà á látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Màámi ò yé sunkún, wọ́n ní àwọn ṣubú nígbà tí oyún mi wà lóṣù méje, pé ìyẹn ló yí mi nínú. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ibí lòsì, ọ̀hún lọ̀tún? Ọwọ́ ọ̀tún sì ni mò ń lò bíi tàwọn tó kù, ṣé kò yẹ kó jẹ́ òsì ni? Ìgbéyàwó mi ò ní pẹ́ mọ́, ṣé àwọn ọmọ mi náà máa rí báyìí?”

Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o, bùrọ̀dá. Ọ̀dọ̀ màmá ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ẹkún wọn ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìṣubú oṣù keje yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí oyún dúró ni ara ti máa ń pinnu ibi tó máa jẹ́ òsì àti ibi tó máa jẹ́ ọ̀tún, ìyẹn ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún, tí ọlẹ̀ ò gùn ju mìlímítà méjì lọ, tó rí pẹlẹbẹ bí ewé, kò lójú, kò nímú, ọkàn gan-an ò tíì sí níbẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún ni ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Nígbà tí màmá fi máa ṣubú, ọkàn yín ti ń lù lápá ọ̀tún jẹ́jẹ́ ẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù márùn-ún. Bí wọ́n ṣubú, bí wọn ò ṣubú, bí wọ́n fẹ̀gbẹ́ òsì sùn, bí wọ́n fi tọ̀tún sùn, ọjà ti tú kí wọ́n tó dé.

Ọ̀rọ̀ “yí” tí màmá lò yẹn náà wà lára ohun tó ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ọmọ máa ń yí nínú ilé ọmọ lóòótọ́, ó lè forí sísàlẹ̀, ó lè fìdí sísàlẹ̀, ó lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dojú ẹnì kan délẹ̀ nísinsìnyí, ṣé ọwọ́ òsì ẹ̀ á torí ìyẹn di ọwọ́ ọ̀tún ni? Kò sí ohunkóhun tó kúrò lápá òsì yín tó wá rìn kọjá sápá ọ̀tún. Àárín gbùngbùn ni ọkàn gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tèmi, tiyín, ti gbogbo wa, bí ọ̀pá kékeré kan tó ní ihò nínú tó sì dúró gbọọrọgbọ, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá tẹ̀ kọrọdọ, tiwa tẹ̀ síbì kan, tiyín tẹ̀ sódìkejì. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni kó tẹ̀ sí.

Mi ò kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú èèyàn o, kí n ti sọ ìyẹn báyìí kó má bàa di pé mo tan yín. Ọlẹ̀ ẹja kéékèèké àti ti eku ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wò lábẹ́ maikirosikóòpù, ìbéèrè yìí gan-an sì ló gbé mi débẹ̀, torí mi ò tíì rí ìbéèrè tó rọrùn láti bi báyìí tó sì le láti dáhùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó. Jíìnì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì apá òsì náà ló wà nínú ti apá ọ̀tún, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó mọ òkè, ó mọ ilẹ̀, ó mọ iwájú, ó mọ ẹ̀yìn, àmọ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ òsì rí láyé ẹ̀. Ẹ wá ṣàlàyé òsì fún un. Ẹ ó sọ ọ́ títí ẹnu á fi rẹ̀ yín, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ nípa ọwọ́ ẹ̀ kan, òótọ́ náà ni nípa ìkejì. Àfi tó bá ní nǹkan kan nítòsí tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń yí, bíi síkùrù. Nígbà yẹn ẹ lè ní kó kọjú sí ògiri kó máa de síkùrù mọ́ ọn, apá ibi tí òkè orí síkùrù yẹn bá ń yí sí, kó máa pè é lọ́tùn-ún. Ìṣòro tí ọlẹ̀ ní nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó ti mọ ibi tí orí máa wà àti ibi tí ìdí máa wà, ó ti mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ikùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá da méjèèjì pọ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, wọn ò lè bí òsì fún yín. Ó ń wá síkùrù.

Lọ́dún 1990, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Nigel Brown àti Lewis Wolpert, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú ara tí òun fúnra ẹ̀ ní ọwọ́ kan, ìyẹn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń yí bíi síkùrù yẹn, tó máa fi ara ẹ̀ tò mọ́ orí-sí-ìdí àti ẹ̀yìn-sí-ikùn, tó máa wá tọ́ka sí apá kan. Wọn ò tíì rí i o, wọ́n kàn fi orí rò ó pé kò sí bó ṣe máa ṣeé ṣe tírú ẹ̀ ò bá sí, mo sì máa ń sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka ìyẹn dáadáa kí wọ́n tó lọ fọwọ́ kan maikirosikóòpù kankan. Irun ni nǹkan ọ̀hún wá já sí. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, cilia ni wọ́n ń pè é, irú ẹ̀ náà ló wà nínú imú wa àti nínú òpó atẹ́gùn wa tó ń gbá ìdọ̀tí àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ẹ fi ti imú yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Lójú ikùn ọlẹ̀, láàárín gbùngbùn, kòtò kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní node. Nínú eku, nǹkan bí 200 sí 300 sẹ́ẹ̀lì ló tẹ́ ilẹ̀ kòtò náà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní irun kan ṣoṣo, omi sì bò wọ́n. Irun wọ̀nyí ń pòòyì. Nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí sí, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí tẹ́ ẹ bá wò ó láti apá ikùn. Kí ló dé tí kò sí èyí tó ń yí sódìkejì? Torí pé inú irun kọ̀ọ̀kan ni prótéènì kan tó ń jẹ́ dynein wà, òun ni ẹ́ńjìnnì tó ń fi irun ṣe ìrìn, ibì kan náà ni gbogbo dynein tó wà yíká inú irun kọjú sí, ohun tí wọ́n sì fi mọ prótéènì fúnra ẹ̀, ọlọ́wọ́ kan ni látilẹ̀wá, ti ọlọ́wọ́ kejì kì í sí níbẹ̀. Síkùrù yín nìyẹn.

Ẹ lè wá bi mí pé nǹkan tó ń pòòyì lójú kan, ṣebí ńṣe ló máa kàn máa ro omi bí ẹni ń ro àmàlà, báwo lomi ṣe fẹ́ gba ibì kan lọ? Ohun témi náà bi ọ̀gá mi nìyẹn nígbà yẹn, ó sì mú bíírò kan, ó dì í mú lóòró lórí tábìlì, ó ń fi orí ẹ̀ yí po, ó ní ṣé mo rí i pé kò gbé nǹkan lọ síbì kankan, ó wá dà á fẹ̀gbẹ́, ó tún ń yí i. Irun yẹn ò dúró lóòró, ó dà sápá ìdí. Torí náà, tó bá ń lọ sápá òsì, ó wà lókè, ó jìnnà sí ilẹ̀ kòtò, ó ń kó omi lọ dáadáa. Tó bá ń padà bọ̀ sápá ọ̀tún, ó ti rẹlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ojú sẹ́ẹ̀lì, omi ibẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ kúrò, ìwọ̀nba ló lè rí kó padà. Ohun tó kó lọ pọ̀ ju ohun tó kó bọ̀. Bẹ́ẹ̀ lomi ṣe ń ṣàn lọ sápá òsì díẹ̀díẹ̀, gbogbo ohun tí ọlẹ̀ mọ̀ nípa orí àti ìdí ló fi da irun náà, ohun tó mọ̀ nípa ikùn ló fi mọ ibi tí irun máa hù sí, síkùrù inú irun ló parí iṣẹ́.

Shigenori Nonaka àtàwọn ará lábù Nobutaka Hirokawa ní Jàpáànì ló fi èyí hàn lọ́dún 1998. Wọ́n mú eku tí wọ́n ti yọ jíìnì kan tó ń jẹ́ KIF3B kúrò lára ẹ̀, prótéènì rẹ̀ ló máa ń ru ẹrù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ irun, torí náà irun ò hù nínú kòtò, omi ò ṣàn, ọkàn àwọn ọlẹ̀ eku yẹn sì ń tẹ̀ síbi tó bá wù ú. Èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ jù ni ti 2002. Nonaka kan náà gbé ọlẹ̀ eku tí jíìnì ẹ̀ pé pérépéré sínú ẹ̀rọ kan, ó ń fi páǹpù ti omi kọjá lójú kòtò náà sápá ọ̀tún, ó sì lágbára ju èyí tí irun ń tì sápá òsì. Àwọn ọlẹ̀ yẹn yí padà. Jíìnì wọn ò ṣẹ̀, kò sí ohun tó bà jẹ́ lára wọn, omi lásán ló sọ fún wọn pé ibí lòsì, wọ́n sì gbà. Ọdún 2012 ni wọ́n tún rí i pé irun méjì péré tó bá ń yí nínú kòtò ti tó fún eku láti mọ òsì. Irun méjì nínú igba.

Ta ló wá ń gbọ́ ohun tí omi ń sọ? Létí kòtò yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí irun tiwọn kì í yí, ńṣe ló dúró jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ tá a ti ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn kan ní omi ló ń gbé prótéènì kan wá bá wọn lápá òsì, àwọn kan ní rárá, títì tí omi ń ti irun yẹn ni wọ́n ń mọ̀ lára. Lọ́dún 2023, lábù méjì fi iná lésà di irun kan ṣoṣo mú bí ẹni fi ẹ̀mú mú nǹkan, àwọn kan lára eku, àwọn kan lára ẹja, wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn láìsí omi tó ń ṣàn, kálísíọ̀mù sì tú yààà sínú sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí wọ́n ṣe lára ẹja tiẹ̀ yí ibi tí ọkàn ẹ̀ lọ padà. Látìgbà yẹn, èmi ti fìdí mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ní títì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo láwọn ọ̀rẹ́ tí wọn ò tíì gbà.

Látibẹ̀ lọ, iṣẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń rán síra wọn, ẹnì kan ń jẹ́ fún ẹnì kejì. Prótéènì kan wà tó ń jẹ́ Nodal, lápá méjèèjì kòtò ló wà, òmíràn tó ń jẹ́ Dand5 sì wà pẹ̀lú ẹ̀ tó di ẹnu ẹ̀ mú, òun náà wà lápá méjèèjì. Tí kálísíọ̀mù bá ti tú lápá òsì, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe Dand5 ya, níbẹ̀ nìkan o, Nodal apá òsì á ráyè sọ̀rọ̀. Á kúrò létí kòtò, á lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ara lápá òsì, ohun tó sì máa sọ fún wọn ni pé kí àwọn náà ṣe Nodal. Ẹ rí i pé iná nìyẹn, iná tó ran pápá gbígbẹ, kò pẹ́ tó fi gba gbogbo apá òsì láti òkè délẹ̀. Kí ló wá dé tí kì í jó kọjá sápá ọ̀tún? Bí Nodal ṣe ń pe ara ẹ̀ yìí náà ló ń pe prótéènì míì tó ń jẹ́ Lefty, iṣẹ́ Lefty sì ni kó pa Nodal lẹ́nu mọ́, ó tún wá yára ju Nodal lọ, ó ti máa ń sáré dé àárín ara kó tó dé, á dúró síbẹ̀ bí ògiri. Ọmọ tí Nodal fúnra ẹ̀ bí ló ń dínà mọ́ ọn. Láàárín wákàtí mélòó kan gbogbo ariwo yìí ti parí, Nodal ti dákẹ́, àmọ́ ó ti fi jíìnì kan tó ń jẹ́ Pitx2 sílẹ̀ ní títàn lápá òsì, Pitx2 ò sì ní kú bọ̀rọ̀, òun ló máa dúró títí tí ọkàn, ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró á fi máa wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀fóró òsì fi ń ní abala méjì tí tọ̀tún sì ní mẹ́ta.

Kí n má purọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹranko ló ń lo irun. Adìẹ ò lò ó, ẹlẹ́dẹ̀ ò lò ó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tiwọn ló ń fẹsẹ̀ ara wọn sún lọ sápá kan. Ìgbín inú omi kan wà, Lymnaea, tó jẹ́ pé látìgbà tí ẹyin ẹ̀ ṣì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì mélòó kan ló ti ń lọ́ ara ẹ̀. Àmọ́ Nodal àti Pitx2 fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi gbogbo, bí wọ́n ṣe ń rí òsì ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun ìtìjú kan. Ọlẹ̀ ẹja tí mo ń sọ yìí mọ́ gaara bí gíláàsì, tó bá ti pé bí ọjọ́ kan, ẹ ó máa rí ọ̀pá ọkàn ẹ̀ tó ń rọra sún kúrò láàárín lọ sápá òsì, ó ń lù bó ṣe ń sún. Iṣẹ́ mi lọ́dún àkọ́kọ́ ni kí n máa kà wọ́n: òsì, òsì, òsì, ọ̀tún, àárín. Lọ́jọ́ kan mo ka ogún ẹja tí gbogbo wọn wà lápá ọ̀tún, mo pariwo, mo sáré lọ pe gbogbo ará lábù pé mo ti rí jíìnì tuntun. Ọ̀gá mi wá, ó wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó fi abẹ́rẹ́ yí ẹja kan padà, ó lọ. Ẹ̀yìn ẹja ni mo ń wò, mo rò pé ikùn ni. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹni tó ya ẹ́ksíréè yín ò jẹ̀bi rárá bó ṣe ní kẹ́ ẹ padà wá dúró, ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe, fíìmù tí wọ́n gbé sódì pọ̀ ju ọkàn tó wà lápá ọ̀tún lọ fíìfíì.

Ó wá di ọ̀rọ̀ tiyín. Tí irun inú kòtò ò bá yí, ara kì í torí ìyẹn mọ òdì. Kò kàn mọ nǹkankan. Ńṣe ló dà bí ẹni ju owó ẹyọ sókè, kó já sórí, kó já sídìí. Eku kan wà tí wọ́n ń pè ní iv, ó ti wà láti ọdún 1959, dynein irun ẹ̀ ló bà jẹ́. Ìdajì ọmọ ẹ̀ máa ń yí padà, ìdajì á rí bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ sì wá fi akọ tó yí padà gun abo tó yí padà, ìdajì-ìdajì náà ni wọ́n máa tún bí. Ohun tí wọ́n jogún ni àìmọ̀, wọn ò jogún òdì. Lára èèyàn náà, ọdún 1933 ni dókítà ará Switzerland kan, Manes Kartagener, kọ nípa àwọn tí ẹ̀yà inú wọn yí padà, tí kátá ò fi wọ́n sílẹ̀, tí òpó atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró wọn sì fẹ̀ kọjá ààlà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ títí di 1976, ìgbà tí Björn Afzelius ní Sweden wo àtọ̀ àwọn ọkùnrin kan tí wọn ò rọ́mọ bí, ó rí i pé ìrù àtọ̀ náà ò ní dynein, pé irun òpó atẹ́gùn wọn náà ò ní, ó sì sọ ọ́ lọ́dún yẹn pé ó ní láti jẹ́ pé irun kan ń ṣe nǹkan nínú ọlẹ̀, pé tí kò bá ṣiṣẹ́, orí ló kù tó ń yan ọ̀tún tàbí òsì. Ọdún 22 ló kù kí wọ́n tó rí kòtò tó ń ṣàn.

Ẹ ti rí ìdí tí kátá yẹn fi ká mi lára. Nínú nǹkan bí 10,000 èèyàn, ẹnì kan ló máa ń rí bíi tiyín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí ohun tó ń ṣe, wọ́n á dàgbà, wọ́n á darúgbó. Àmọ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún wọn ló ní àìsàn irun yìí, PCD làwọn dókítà ń pè é, àwọn tó ní in sì ni kátá wọn kì í lọ láti kékeré, etí á máa dùn wọ́n, ikọ́ á máa so kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ ní in. Mi ò lè tinú ìwé mọ̀ ọ́n, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ní kátá tí ọkàn wọn wà lápá òsì jẹ́jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan tẹ́ ẹ ní ìyẹn kọ́ lẹ torí ẹ̀ kọ̀wé, òun gan-an lèmi máa torí ẹ̀ lọ sọ́sibítù tó bá jẹ́ èmi ni. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, ìyẹn lohun táwọn kan fi ń sọ pé kí wá ni àǹfààní kéèyàn mọ̀, mo sì gbọ́ wọn lágbọ̀ọ́yé, torí àyẹ̀wò ẹ̀ ò sí níbi gbogbo, kò rọrùn, ìkan nìkan ò sì tó, torí oríṣi kan wà tí jíìnì DNAH11 ń fà tó jẹ́ pé irun náà á rí rèǹtè-rente lábẹ́ maikirosikóòpù alágbára, kò sì ní yí bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ lè máa rí sí i pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jáde lójoojúmọ́, kí wọ́n tètè máa tọ́jú àkóràn kó tó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹni tí kò mọ̀ á máa ra oògùn kátá títí. Ìrù àtọ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ọkùnrin tó ní PCD lè má tètè rọ́mọ bí, kì í ṣe gbogbo wọn, ọ̀nà sì wà táwọn dókítà fi ń gbé àtọ̀ sínú ẹyin, ó kàn dáa kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀ ọ́n báyìí ju kẹ́ ẹ máa wò ojú ara yín lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Lórí àwọn ọmọ, tó bá jẹ́ PCD, ẹ̀dà jíìnì méjì tó bà jẹ́ ni èèyàn sábà máa ń ní kó tó lè ṣàìsàn náà, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Gbogbo ọmọ yín á gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín, àmọ́ tí ìyàwó yín ò bá ní irú jíìnì kan náà, kò sí èyí tó máa ṣàìsàn nínú wọn. Tí ìyàwó bá wá ní ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣàìsàn, ó sì lè má ṣàìsàn, ìdajì-ìdajì ni, nínú àwọn tó bá sì ṣàìsàn, ìdajì ni nǹkan inú wọn máa yí padà, ẹ ó rí i pé ó di ẹnì kan nínú mẹ́rin. Owó ẹyọ yẹn, olúkúlùkù ló ń ju tiẹ̀, ìbejì tó jọra gẹ́lẹ́, tí jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí àwọn méjèèjì ní PCD, ọkàn ọ̀kan lè wà lápá òsì kí ti ìkejì wà lápá ọ̀tún. Tí kì í bá sì í ṣe PCD, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí jíìnì kankan dì mú. Ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe nígbà tí ìyàwó bá lóyún ni pé kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó máa ya síkáànì láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, kó fara balẹ̀ wo ọkàn ọmọ. Kì í ṣe torí pé yíyí padà pátá burú o. Kí gbogbo ẹ̀ yí padà pọ̀ ò le tó kí apá kan yí kí apá kan má yí, ìyẹn ló ń jẹ́ heterotaxy, torí ọkàn ò dá wà, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú ẹ̀ àtèyí tó jáde ní láti bá ara wọn mu, tí ọkàn bá gba àṣẹ òsì tí àwọn òpó gba ti ọ̀tún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ti ń wọlé. Tiyín jọ èyí tó gba àṣẹ kan náà látòkè délẹ̀.

Ti ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn tí inú wọn yí padà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò bíi tiwa. Ọ̀nà míì ni ọpọlọ ń gbà mọ ọwọ́ tó máa lò, kò bá irun inú kòtò dá ọ̀rọ̀ sọ.

Gbogbo dókítà tẹ́ ẹ bá fojú kàn láyé yín ni kẹ́ ẹ sọ fún kó tó bi yín ní ìbéèrè kankan, ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sórí fóònù yín níbi tẹ́lòmíì á ti lè rí i, torí lọ́jọ́ tí appendix bá ń dun ẹni tó rí bíi tiyín, apá òsì ló ti máa dùn ún, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì máa wá nǹkan míì kiri, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà láti fi wo bí ọkàn ṣe ń lù náà, òdìkejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ so ó sí. Kẹ́ ẹ sì ya síkáànì ikùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ ló yí padà. Ti kátá, dókítà ẹ̀dọ̀fóró lẹ máa rí, kì í ṣe ti imú nìkan, kẹ́ ẹ dárúkọ PCD fún un lẹ́nu yín. Tí wọ́n bá ní ohun èlò ẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ kan fa atẹ́gùn láti inú imú yín, wọ́n á wá ti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ yín nímú, ó máa ta yín lójú díẹ̀, wọ́n á gbọn ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn sínú omi, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù tó ń ya fídíò kíákíá. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́yin náà wò ó. Tó bá dáa, ẹ ó rí i létí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí irun ṣe ń fì lù lù lù tí gbogbo ẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ orí koríko, tí kò bá sì dáa, ó lè dúró ṣinṣin, ó lè máa gbọ̀n lójú kan, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́.